Gíláàsì Ẹlẹ́jẹ̀

Mo ká àtàǹpàkò mi sínú àtẹ́lẹwọ́, mo sì di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn.

"Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìka," ni Awòfín tún wí. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn pẹ̀lẹ́ bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, mo sì kórìíra ohùn yẹn ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ. "Èsì ti jáde. Jẹjẹrẹ páńkíríà, oríṣi tó burú jù lọ. Ibi tó kàn: Ilé Ìtura. Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìka."

Àwo kékeré tí a ń tẹ ìka sí ń tan iná aláwọ̀ ewé níwájú mi. Orúkọ tó hàn lára ògiri lókè rẹ̀ ni Motúnráyọ̀ Adéoṣùn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹni tó ń tún sólà orí òrùlé ṣe.

"Mi ò tẹ̀ ẹ́," ni mo wí.

Ó dá mi lójú pé wọn ò kọ́ Awòfín ní ohun tó máa sọ tí èèyàn bá dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, torí láti ìgbà tí Òfin Ojú ti dé, kò sẹ́ni tó kọ̀ rí nínú yàrá yẹn.

"Ẹ̀rọ ò gbọ́ yín. Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀wọ́..."

"O gbọ́ mi. Mi ò tẹ̀ ẹ́."

Iná aláwọ̀ ewé náà di pupa. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ̀ sì yọjú. Òun ni Alábòójútó Òfin Ojú ní Ilé Ìwòsàn Àpáta, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kì í rún, tó máa ń kí gbogbo ayé tẹ̀rín-tẹ̀rín, títí kan àwọn tó fẹ́ lé kúrò níṣẹ́. Ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn ará Èkó tí òkun lé wá sókè níbí nígbà tí Ìgbẹ́tì ṣì jẹ́ ìlú kékeré lẹ́sẹ̀ àpáta.

"Dókítà Agbájé, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé ìka ló ń dùn yín ni?"

"Ìka mi ò ṣe nǹkan kan. Èsì yẹn ni kò tọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kúkú wo gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹran ara ọmọ náà sí."

Mo mọ ibi tó ń lọ. Bí mo bá dá a lóhùn pé mo wò ó, àgọ́ ọlọ́pàá ni màá sùn.

"Mi ò wo gíláàsì kankan. Ọmọ yẹn ni mo wò. Ó jókòó síta níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ wo òun náà. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí òun ti ń fọwọ́ kan nǹkan líle kan níkùn òun. Ọdún méjì, Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ̀! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń jẹun, ó ń gun òrùlé lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ̀rọ yín ń pè yìí kì í fún èèyàn ní ọdún méjì. Ẹni tó bá ní in, kí a tó mọ̀ rárá, á ti gbẹ bí igi."

"Awòfín kì í wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, mà. Sẹ́ẹ̀lì ló ń wò."

"Ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ bá a jà gan-an nìyẹn."

Ó fa àga, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Ẹlẹ́rìí ni òfin pè yín. Kò pè yín ní adájọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ọmọ náà lọ sí Ilé Ìtura, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀."

Ilé Ìtura rẹwà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òdòdó wà níbẹ̀, oògùn ìrora wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń kọrin fún àwọn tó ń lọ. Ọ̀bẹ ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀, dókítà kankan ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un mọ́, torí òfin ní kí a má fi yàrá iṣẹ́ abẹ ṣòfò lórí ẹni tó máa kú.

"Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Màá ránṣẹ́ sí Ṣakí kí wọ́n fi ẹlẹ́rìí mìíràn sínú ọkọ̀ ojú irin. Ibi tí ẹran ara bá wà ni ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà, a ò lè tẹ ìka láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n á dé lónìí, á tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ kò ju pé ẹ̀yin ò ní níṣẹ́ mọ́."

"Kó tó dé, ta ló láṣẹ lórí ọmọ yẹn?"

Ó ronú kó tó dáhùn. Ọlọ́òótọ́ èèyàn ni, ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. "Dókítà abẹ tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Tí èsì ò bá tíì pé, yàrá iṣẹ́ abẹ ṣì máa ṣí fún un. Ṣùgbọ́n dókítà wo ló máa gbé ọ̀bẹ láìní èsì?"

"Ẹ ránṣẹ́ sí Ṣakí," ni mo wí, mo sì dìde.

Mi ò ní ṣe Awòfín ní ìwọ̀sí tí kò tọ́ sí i. Kó tó dé, àwọn èèyàn máa ń dúró de èsì títí àrùn á fi já wọn gbà lọ́wọ́ wa. Àwa tí a kọ́ bí a ti ń wo sẹ́ẹ̀lì kò tó nǹkan, ojú ń rẹ̀ wá, a sì máa ń ṣàṣìṣe. Awòfín kì í sùn, ebi kì í pa á, jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ kò sì lè sá pamọ́ fún un. Ó yẹ kí wọ́n fi í ṣe ẹnì kejì wa. Wọ́n fi í jọba. Wọ́n ní ojú èèyàn ló ń pa èèyàn, wọ́n sì fi òfin dí i: dókítà tó bá fi ojú ara rẹ̀ wo sẹ́ẹ̀lì láti fi sọ orúkọ àrùn, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún èmi tí mo fi ìdajì ayé mi kọ́ iṣẹ́ yìí ni kí n máa na àtàǹpàkò.

Yàrá tí wọ́n ti ń gé ẹran ara wà nísàlẹ̀, nínú àpáta. Mùfútáù ló ń bójú tó o. A jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni, a sì ti jọ dàgbà síbẹ̀. Òórùn fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, bò mí nímú bí mo ṣe wọlé, ó sì dùn mọ́ mi, mi ò mọ ìdí.

"Múfú, ti ọmọ Adéoṣùn yẹn, fọ́nrán wo lo gbé síwájú ẹ̀rọ?"

Abẹ́rẹ́ gígùn ni a fi ń mú ẹran jáde láti inú páńkíríà, torí ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni ẹ̀yà ara náà fara pamọ́ sí. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń mú wá kò ju fọ́nrán tín-ín-rín bíi mélòó kan lọ.

"Èyí tó mọ́ ni o, mà," ni Mùfútáù dáhùn. "Ó kéré, àmọ́ ó mọ́ tónítóní."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú wọn. Ẹ kúkú mọ̀ pé ẹ̀rọ ò gba ẹ̀jẹ̀. Tí mo bá gbé ẹlẹ́jẹ̀ fún un, á ní ìdọ̀tí ni, á dá a padà, wọ́n á wá kà á sí mi lọ́rùn." Ó nawọ́ sí ògiri, níbi tí wọ́n gbé àwo fàdákà kan kọ́ sí. Àwọn aláṣẹ ló fún wa ní ọdún tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ilé ìwòsàn wa ni gíláàsì rẹ̀ mọ́ jù ní gbogbo Òkè Ògùn. "Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mà. Ẹni tí kò bá yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, kò mọ iṣẹ́ ni."

Mo rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú kókó kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló sábà máa ń mú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé gùn débi pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ kì í pè é tán, kókó omidan la máa ń pè é láàárín ara wa. Àárín rẹ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń bàjẹ́, á kún fún ẹ̀jẹ̀, etí ibi tó bàjẹ́ yẹn gan-an ni ojúlówó àmì rẹ̀ wà. Tí èèyàn bá mú fọ́nrán tó mọ́ nìkan, sẹ́ẹ̀lì tó kún fọ́fọ́ ló máa rí, ó sì lè fi pe oríṣi mìíràn tó burú. Bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá yọ kókó omidan, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ló máa ń gbó, tí wọ́n á bímọ, tí wọ́n á sì rojọ́ ọkọ fún wa.

A ti ń yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò kí ẹ̀rọ tó wò ó. Ẹ̀rọ ò rí kókó omidan rí láyé ẹ̀. Ó ń fi orúkọ mìíràn pè é, àwa ẹlẹ́rìí ń tẹ ìka sí i, ẹ̀rọ sì ń kọ́gbọ́n lára ìka wa pé òun tọ̀nà. Mi ò mọ iye ọmọbìnrin tí wọ́n ti kọrin fún ní Ilé Ìtura. Inú bí mi débi tí mo fi di tábìlì mú.

"Fọ́nrán ẹlẹ́jẹ̀ yẹn, o ti sun ún?"

"Ó dìgbà tí wọ́n bá tẹ ìka ká tó sun ún. Ó wà nínú ìgò." Mùfútáù wò mí lójú. Ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Mà, ebi ń pa mí. Mò ń lọ jẹun. Ẹ̀wà tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì yẹn, ó máa ń pẹ́ kó tó kàn mí."

"Lọ jẹun, Múfú."

"Ẹ ṣọ́ra, mà," ó wí, ó sì lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Ọwọ́ mi ò gbàgbé. Mo fi ẹ̀rọ ìda di fọ́nrán ẹlẹ́jẹ̀ náà, mo rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì méjì. Mo fi aró búlúù àti aró pupa rẹ èkíní, búlúù ń mú kóró inú sẹ́ẹ̀lì, pupa ń mú ìyókù. Mo rẹ ìkejì nínú aró àwọ̀ ilẹ̀ tí a máa ń lò láti fi ya kókó omidan sọ́tọ̀. Aró ò fi gbogbo ara mọ́ra bíi ti àtijọ́, nítorí mo ń yára, ṣùgbọ́n ó mú.

Ó wá ku máíkírósíkóòpù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nílé ìwòsàn wa, ó wà nínú àpótí dígí ní gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, níbi tí wọ́n ti máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé wá wò ó. Wọ́n kọ ọ́ sára àpótí náà gàdàgbà pé: OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA FI Ń ṢÀṢÌṢE. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe bí ẹni pé mi ò rí i.

Mo lè dúró kí èrò tú ká. Mo lè gbé e pamọ́ lọ sínú yàrá kan kí n ti ilẹ̀kùn. Mo rò ó wò, inú sì tún bí mi. Kí ni mo jí? Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mi níwájú gbogbo èèyàn, mo sì fi gìgísẹ̀ rẹ̀ fọ́ àpótí náà.

Àpótí náà figbe bọnu. Àwọn aláìsàn dìde. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Yéè, dókítà ti ya wèrè!" Mo gbé máíkírósíkóòpù náà jáde, mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ńlá tó kọjú sí òkè. Irú àtijọ́ ni, dígí kékeré ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Oòrùn ọ̀sán sì wà níbẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti gíláàsì àkọ́kọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo wò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú mi ò rí ju ẹ̀jẹ̀ lọ, pupa lórí pupa. Mo rò pé bóyá ojú mi gan-an ti kú, pé bóyá òtítọ́ ni wọ́n kọ sára àpótí yẹn. Mo rọra tún ojú rẹ̀ yí, mo ti gíláàsì díẹ̀ sápá òsì. Ibẹ̀ ló wà. Òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró láàárín, sẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan rọ̀ mọ́ ọn, àwọn tó jìnnà sí i ti já dànù, bí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n jẹ kù. Mo sún mọ́ kóró wọn. Wọ́n rí bọ́rọ́bọ́rọ́, wọ́n jọra wọn, púpọ̀ nínú wọn ló ní ìlà kan láàárín bí ẹ̀wà tí èèyàn fi èékánná ha. Mi ò rí ọ̀kankan tó ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Nǹkan tó ń fi ìkánjú pa èèyàn kì í sinmi báyẹn.

Mo gbé gíláàsì kejì sí i. Nínú oríṣi tó burú, etí sẹ́ẹ̀lì ni aró àwọ̀ ilẹ̀ máa ń dúró sí. Nínú èyí, ó ti wọ inú kóró lọ tààrà, gbogbo kóró ti ṣú.

Mo gbé orí sókè. Omi ti dé ojú mi, mi ò sì nù ún.

"Mà, ṣé tèmi nìyẹn?"

Motúnráyọ̀ ló dúró tì mí. Ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀, ojú orúnkún rẹ̀ ti ṣá, okùn tí wọ́n fi ń so ara mọ́ òrùlé ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ wá gba èsì, ó ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Tìẹ ni. Pe dókítà abẹ rẹ fún mi, Dókítà Láṣebìkan. Ó wà ní yàrá tó kángun sí ọ̀nà yẹn. Sọ fún un pé èmi Fẹ̀hìntọlá ní kó máa bọ̀ kíákíá."

Láṣebìkan àti Kújọrẹ̀ ló jọ dé, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé. Láṣebìkan ga, ó sanra, ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé èèyàn kì í gbà gbọ́ pé òun ló ń rán ẹran ara tín-ín-rín. Kíláàsì kan náà la jọ wà. Bó ṣe rí máíkírósíkóòpù níwájú mi, ó dúró gbọnrangandan, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Fẹ̀hìn, kí lo ṣe yìí?"

"Kókó omidan ni, Láṣe. Gbogbo àmì ló pé. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, a jọ wò ó nílé ẹ̀kọ́, wọ́n bi wá nínú ìdánwò. Wá wò ó."

"Má ní kí n wò ó. Tí mo bá wò ó, mo ti rí i nìyẹn."

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Kújọrẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo àpótí tó fọ́, ó wo bàtà mi nílẹ̀, ó wo èmi. "Mà, mo ti ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọkọ̀ ẹlẹ́rìí sì ti kọjá Kìṣí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò nídìí nǹkan yẹn."

"Mi ò kúrò."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Dókítà kan fi ojú ara rẹ̀ wo gíláàsì bàbá mi. Ó ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n máa lọ sílé. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Èmi ni mò ń gbé e lọ sílé ìyàgbẹ́. Ẹ máa rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń pè mí ní òǹrorò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò lè ṣe bí ẹni pé kò dùn mí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni mo wí. "Látọkàn mi wá ni mo fi sọ ọ́. Dókítà yẹn ṣe yín níkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹ tìtorí bàbá yín gbé wá, ó ń ṣe ohun kan náà fún ọmọ yìí, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó bóyá ó tọ̀nà. Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ìyàtọ̀ ni pé Awòfín kì í sábà ṣàṣìṣe."

"Ó ti ṣe é lónìí. A kì í jẹ́ kó rí ẹ̀jẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni àìsàn yìí ń gbé. Ẹ wò ó fúnra yín tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́."

Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí mo na iná sí.

"Ẹ má bínú o," ni Motúnráyọ̀ wí. Gbogbo wa yíjú sí i. "Ẹ kú ìjà. Àmọ́ ara mi lẹ ń tìtorí ẹ̀ jà, kò sẹ́ni tó tíì bi mí ní nǹkan kan. Dókítà, kí ni ẹ rí níbẹ̀ yẹn?"

Mo sọ fún un. Mo sọ bó ṣe rí gan-an: pé kókó tó wà nínú rẹ̀ burú tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, pé tí wọ́n bá yọ ọ́ ó ṣeé ṣe kó má padà mọ́, pé iṣẹ́ abẹ páńkíríà kì í ṣe kékeré, pé èèyàn lè kú sórí tábìlì. Mo sọ fún un pé mi ò rí irú kókó yìí ju ìwọ̀nba lọ láyé mi, àti pé ó ti pẹ́.

"Ṣé ẹ lè ṣàṣìṣe?"

"Mo lè ṣàṣìṣe."

Kújọrẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ ọ! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́, màá tún un sọ," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ lọ bi Awòfín bóyá òun náà lè sọ ọ́." Mo kọjú sí ọmọ náà. "Tó bá jẹ́ ọmọ inú mi ni ẹ́, yàrá iṣẹ́ abẹ ni màá gbé ẹ lọ báyìí. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọrin fún ẹ."

Ó ń fi ìka yí ìwọ̀ tó wà lára okùn ìbàdí rẹ̀. Ó wá bi Kújọrẹ̀ pé, "Sà, Òfin Ojú yẹn, ta ló ní kó má wò?"

"Dókítà. Àti nọ́ọ̀sì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera."

"Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Sólà ni mò ń tún ṣe. Ṣé ó ní kí n má wo ara mi?"

Mo rí Kújọrẹ̀ tó ń wá gbólóhùn náà nínú orí rẹ̀, ẹni tó há gbogbo òfin yẹn sórí, kò sì rí i. Mo sún kúrò nídìí tábìlì. Mo fi bó ṣe máa di ojú kan han Motúnráyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà tó pè mí ní wèrè ti sún mọ́ wa, ó ń na ọrùn.

"Èyí tó dà bí ẹ̀wà yìí?"

"Òun náà ni."

"Inú mi lèyí wà láti ọdún méjì?"

"Inú rẹ ni."

"Ó mà lẹ́wà o," ó wí, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ó lẹ́wà, kí wọ́n bá mi yọ ọ́ dànù."

Ó nàró. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó sì yíjú sí Láṣebìkan, ẹni tó ṣì kó ọwọ́ sẹ́yìn látìgbà tó ti dé.

"Sà, ẹ̀yin ló kù."

"Ọmọ mi, o ò mọ ohun tí ò ń bẹ̀ mí sí. Tí mo bá gbé ọ̀bẹ lé ẹ láìní èsì, wọn ò ní jẹ́ kí n tún gbé e mọ́ láyé mi. Mo ní àwọn mìíràn tó ń dúró dè mí. Wọ́n pọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé ọ̀bẹ. Mo ní kí ẹ wá wò mí."

Ojú Láṣebìkan pọ́n. Níta, a ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń gun òkè bọ̀. Kújọrẹ̀ náà gbọ́ ọ. Ó bọ́ sáàárín Láṣebìkan àti tábìlì, ó na apá.

"Dókítà, ẹ̀yin ò tíì ṣẹ̀. Ẹ padà sí yàrá yín."

"Ẹ yàgò fún mi, Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ̀," ni Láṣebìkan wí jẹ́ẹ́.

"Orúkọ yín ni mò ń fún wọn báyìí o."

"Ẹ fún wọn."

Kò tì í. Ó kàn ń bọ̀ ni, pẹ̀lú ara ńlá rẹ̀, títí Kújọrẹ̀ fi yẹ̀ fún un. Ó jókòó. Mo ti rò pé màá ran án lọ́wọ́ láti tún ojú máíkírósíkóòpù náà yí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú tèmi. Ó wo ti àkọ́kọ́. Ó nawọ́ láìgbé orí, mo fi ìkejì lé e lọ́wọ́, ó wò ó. Ó tún dá ti àkọ́kọ́ padà, ó tún un wò. Ilẹ̀kùn ńlá ti ń ṣí nísàlẹ̀, a ń gbọ́ bàtà àwọn ọlọ́pàá lórí àtẹ̀gùn, Láṣebìkan ò sì kánjú.

Nígbà tó gbé orí sókè, kò wo Kújọrẹ̀, kò sì wò mí. Ikùn ọmọ náà ló ń wò, bí a ti máa ń rí i tó ń wo ikùn nígbà tí a ṣì wà ní kékeré, tí kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń pàṣẹ fún un.

"Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" ó bi í.

"Láti àná, sà. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè jẹ nǹkan kan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Láṣebìkan wí. Ó dìde, ó ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ó yá, tẹ̀ lé mi."